A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti pinnu pé n ó sọ ọ́ lóṣù yìí. Bó bá dun àwọn ọ̀mọ̀wé wa, kí wọ́n má bínú. Bí kò bá dùn wọ́n, a jẹ́ pé n ò tíì sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ: àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gba ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n ń wọn oko wa, wọ́n ń ka iye àwa tí ara wa kò dá, ṣùgbọ́n bí èsì bá jáde tán, ara wọn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Àwa tí wọ́n ti ara wa rí ọgbọ́n kọ́, bí àyè bá ṣẹ́ kù ni àlàyé tó kàn wá. Àwọn baba wa ló sọ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Wọ́n ti ń fá tiwa lẹ́yìn wa, ó pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé tèmi. Ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, abúlé kan tí kò jìnnà sí Òsósà ló gbé títí ó fi kú. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, gàrí ló ń yan, ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde ló sì ti ń tà á. Mo wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Ó ní àfi bí ẹni pé òun tẹ ẹyín iná mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, iná náà lọ, ẹsẹ̀ wá kú. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò ní mọ̀. Bó bá dìde dúró, tó di ojú láti gbàdúrà, á fẹ́ẹ̀ ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ń ṣú, tí etí náà ń di díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ará ilé ní kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n ní ayé ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dárúkọ orogún rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ. Wọ́n kọ́kọ́ yẹra fún oúnjẹ ìyàwó náà, wọ́n yẹra fún ìkíni rẹ̀, nígbẹ̀yìn ó kó ẹrù jáde nílé ọkọ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ìyá méjèèjì kò jọ jókòó jẹun mọ́ títí di òní olónìí tí mò ń kọ̀wé yìí.

A gbé Ìyá Àgbà lọ sí ọsibítù kan. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́sẹ̀ káàkiri, wọ́n ń bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n lára. Dókítà mẹ́ta dúró yí i ká, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá ara wọn sọ lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fún un ní bébà kan. Ìyá Àgbà so bébà náà mọ́ kókó ìró rẹ̀ bí ẹni so owó. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, á tú u, á ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó o mọ̀wé, kí ni wọ́n ní ó ń ṣe mí?" Èmi tí mo mọ̀wé, n kò lè kà á. Irọ́ ni mò ń pa fún un, pé wọ́n ní ara á yá. Irọ́ yẹn ló gbé lọ sí sàréè.

Ó di ìgbà tí mo dẹni tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kí n tó mọ̀ pé àìsàn tó jọ ti Ìyá Àgbà ní orúkọ, àti pé orúkọ ìlú wa wà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé lókè òkun. Ní tiwa níbí, bí a bá ti pe Òsósà, Hubert Ògúndé ni a ń rántí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1916. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ Òsósà fún àwọn dókítà tó ń tọ́jú iṣan ara, ẹsẹ̀ tó kú àti ojú tó fọ́ ni wọ́n ń rántí.

Báyìí lọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1969, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àìsàn kan tó pọ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú: ẹsẹ̀ á máa jóni, á kú, ìrìn á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú á ṣú, etí á di. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì wọn jáde nínú ìwé Brain ní 1968 àti nínú British Medical Journal ní 1969. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fura sí, nítorí májèlé sáyánáìdì tó lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún á máa gbé mì díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn náà, Dókítà O. S. A. Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òsósà, wọ́n yẹ àwọn ènìyàn tó lé ní 3,400 wò, àwọn tó ti pé ọdún mẹ́wàá sókè. Èsì náà jáde ní ọdún 2000. Ènìyàn 206 ni wọ́n rí tó ní àìsàn náà, ìyẹn bí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn obìnrin sì ju ọkùnrin lọ. Ní 2002, Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún kọ ọ́ jáde pé àwọn ti rí ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń jẹ sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ púpọ̀, síbẹ̀ tí àìsàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè má jẹ́ ẹ̀gẹ́ nìkan ló jẹ̀bi, ó sì lè má jẹ́ òun rárá.

Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ yìí. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin abúlé, tó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ arúgbó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Àwọn wọ̀nyí gan-an kọ́ ni mò ń bá wí. Ibi tí ètò ayé ọ̀mọ̀wé gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ni mò ń bá jà. Inú ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ ní London ló wà, ní Gẹ̀ẹ́sì tó le bí òkúta. Nígbà tí wọ́n ń lé orogún Ìyá Àgbà jáde nílé pé àjẹ́ ni, ó ti lé ní ogún ọdún tí ìwé ti wà ní láíbìrì tó sọ pé àìsàn tó rí báyìí pọ̀ ní àdúgbò wa, pé ọ̀rọ̀ iṣan ara ni, pé oúnjẹ ni wọ́n ń fura sí. Gbólóhùn kan péré ní èdè Yorùbá, lẹ́nu ẹni tí àwọn ará ilé gbọ́dọ̀ gbọ́, ì bá dá obìnrin yẹn sílé ọkọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ bá ọ̀mọ̀wé kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan pé kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ fún mi kí n lè kọ ọ́. Ó fi mí jókòó dáadáa, ó fún mi lómi tútù. Ó wá ní, "Àbúrò, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Bí mo bá sọ ọ́ fún yín, ẹ ó yí i po. Bí ẹ ò bá yí i po, àwọn tó ń ka ìwé yín ò ní lóye rẹ̀. Bí wọ́n bá sì wá lóye rẹ̀, ta ni yóò fi ìyẹn gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, n ò tíì rí ọ̀mọ̀wé tó sọ òtítọ́ inú rẹ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀.

Kì í sì ṣe tiwa níbí nìkan. Ní 2006, Royal Society, ẹgbẹ́ àgbà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bi 1,485 nínú àwọn onímọ̀ wọn léèrè ohun tí wọ́n rò nípa bíbá ará ìlú sọ̀rọ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ní iṣẹ́ ìwádìí kò jẹ́ kí àwọn ráyè. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ẹlẹgbẹ́ kì í ka ẹni tó bá ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ sí gidi. Ní Amẹ́ríkà, Carl Sagan tó fi télífíṣọ̀n kọ́ gbogbo ayé nípa ìràwọ̀, nígbà tí wọ́n dìbò lé e lórí ní 1992 láti gbà á sí ẹgbẹ́ àgbà wọn, wọ́n já a kulẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ọ̀rọ̀ télífíṣọ̀n yẹn wà lára ohun tó fà á. Ẹ rí i pé àrùn àwọn ọ̀mọ̀wé náà ní orúkọ, ó sì kárí ayé.

Ẹ jẹ́ ká wá dáhùn ohun mẹ́ta tí ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ, ká dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní àwa oníwèé ìròyìn ń yí ọ̀rọ̀ po. Mo gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni. Ṣé ẹ rántí ọdún 1999, nígbà tí orúkọ Erédò Súngbọ́ dún káàkiri ayé? Dókítà Patrick Darling, òyìnbó tó ń wá ohun àtijọ́ nílẹ̀, ti wọn odi àti yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa, tí ó tó láti fi yangàn láàárín ayé. Kí làwọn oníwèé ìròyìn fi ṣe àkọlé? Ọbabìnrin Ṣébà! Wọ́n ní sàréè rẹ̀ ló wà ní Òkè-Èrí. Ẹ̀rí láti inú ilẹ̀ sì fi hàn pé ìgbà tí wọ́n gbẹ́ yàrà náà fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún jìnnà sí ìgbà Ṣébà inú Bíbélì. Àwọn tó gbẹ́ yàrà náà wá di ẹni ìgbàgbé nítorí obìnrin àlejò. N kò ní gbèjà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń jò sínú ilé, òrùlé ni a ń tún ṣe, a kì í torí ẹ̀ kó lọ sínú igbó. Bí akọ̀ròyìn bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí ọ̀mọ̀wé jáde wá tún un sọ. Redíò wà tó ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́. Kò pọn dandan kó gba ẹnu mi kó tó dé etí ìlú.

Ó ní ará ìlú kò ní lóye. Èyí ló bí mi nínú jù. Ẹ gbọ́ o. Nínú ẹ̀gẹ́, ohun méjì ló wà tó ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ọdẹ ṣe ń fi ẹ̀tù síbì kan tó ń fi iná síbì kan. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì pàdé, kò séwu. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, ohun tó là wọ́n láàárín á fọ́, àwọn méjèèjì á pàdé, májèlé sáyánáìdì á sì tú jáde. Ṣùgbọ́n májèlé náà kì í fẹ́ gbélé: ó ń bá omi lọ nígbà tí a bá di ẹ̀gẹ́ rínrin sínú àpò tí a fi òkúta tẹ̀ ẹ́, ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí tó bá kù ń bá ooru lọ lójú agbada. Ìdí nìyẹn tó fi dára kó lo ọjọ́ mélòó kan nínú àpò kó tó dé orí iná. Ó parí. Ta ni kò yé nínú yín? Èmi tí mo ka ìwé dé sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ṣàlàyé rẹ̀ yìí, láìlo gíráàmà kankan. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kò bá lè ṣe é, kó má sọ pé èdè Yorùbá ló kéré.

Ẹ tún wò ó. Àwọn ìyá wa tó ń yan gàrí Ìjẹ̀bú, tó kan, tó gbẹ, tó ń ta omi mu gbuurugbu, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní sáyánáìdì. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kì í jẹ́ ká yan gàrí tí a rin lánàá. Ó ní ikùn ni yóò fi jà. Ọgbọ́n wà lọ́wọ́ wọn kí ọ̀mọ̀wé tó dé, ìròyìn sì wà lẹ́nu wọn tí ọ̀mọ̀wé ń fẹ́. Bí ẹ bá lọ sọ́jà lónìí, wọn á sọ fún yín pé owó tó nílò kíákíá ń mú àwọn kan gé ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ ń lò nínú àpò kù. Ṣé kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ gbọ́ kó tó wá fa ẹ̀jẹ̀? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ kì í ṣe pé kí wọ́n wá wàásù fún wa. Kí wọ́n bá wa jókòó ni.

Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fi í gbé òun ga. Òótọ́ ni. Ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ lókè òkun ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ìpàdé ààfin, wọn kì í ka ètò orí redíò. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan: ta ló ṣe òfin náà? Ṣé àwọn ará ọjà Òkè-Ajé ni? Àwọn ọ̀mọ̀wé ló jókòó sórí àga ìgbìmọ̀ tó ń gbé ọ̀mọ̀wé ga. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn kò yẹ kó máa sunkún pé wọ́n ti òun mọ́lé.

Ó sì ti ṣeé ṣe rí. Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni wọ́n ti bí Olíkóyè Ransome-Kuti ní 1927, nígbà tí baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé Ijebu-Ode Grammar School. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìtọ́jú ọmọdé ni, ní Yunifásítì Èkó. Nígbà tó di mínísítà ìlera, láti 1985 dé 1992, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ló gbé lárugẹ fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìgò àti ṣíbí ilé ìdáná ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún àwọn ìyá. Ìyá tí kò mọ̀wé mọ̀ ọ́n pò. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Fẹlá, kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, òun fúnra rẹ̀ ló jáde sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ló pa á, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé àrùn náà wà rárá. Ojú ò ha tì í bí? Àbúrò rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìmọ̀ tí òun bá fi pamọ́, ẹlòmíràn ni yóò fi ẹ̀mí san án. Ta ló sọ pé ìyẹn dín ọlá ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ kù?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ọ̀gbẹ́ni mi kò sọ jáde, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń rò ó pé bí òun bá sọ pé wọ́n ń fura sí ẹ̀gẹ́, ọjà gàrí á dàrú. Pé àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn ṣì ń jiyàn, ohun tí wọ́n sọ ní 1969, ìwádìí 2002 ti fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí òtítọ́ bá ti dákẹ́, irọ́ kì í bá a dákẹ́. Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ẹ̀bólà ti wọ Èkó. Ní òru ọjọ́ kan, fóònù ń dún láti ilé dé ilé pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Àwọn kan mu ún jù, wọ́n kú, Ẹ̀bólà kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Èwo ló wá ṣẹ́gun Ẹ̀bólà? Àwọn oníṣègùn àti òṣìṣẹ́ ìlera tó fi ẹsẹ̀ rìn ni. Wọ́n tọpasẹ̀ ènìyàn 894, wọ́n lọ kanlẹ̀kùn wọn ní nǹkan bí ìgbà 18,500, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ogún ènìyàn ló ní in ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. A jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ká wọn lára, ẹsẹ̀ wọn mọ ọ̀nà ilé wa.

Bí ẹ kò bá tíì mọ̀, ẹ wá sọ fún wa pé ẹ kò tíì mọ̀. A ò ní jẹ yín. Àwa tí baba wa ń dá Ifá lẹ́ẹ̀kan, tó tún ń dá a lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú, ṣé àwa ni yóò ṣòro fún láti lóye pé ìwádìí kò tíì parí? Ẹ sọ fún wa pé, "Èyí ni a fura sí. Èyí ni kò jẹ́ kó dá wa lójú. Ní báyìí ná, ẹ má kánjú yan gàrí yín, ẹ máa fi ẹ̀wà àti ẹja kún un, bí ẹsẹ̀ bá sì ń jó yín, ẹ tètè wá." Ọjà wo ni ìyẹn bàjẹ́?

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ìlú tí ọ̀mọ̀wé bá ti gba ẹ̀jẹ̀, kó padà síbẹ̀ wá ka èsì ní èdè ìlú náà, ní ààfin, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìsọ̀ aláta. Kó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n bi í léèrè. Kí ìgbìmọ̀ tó ń gbé ọ̀mọ̀wé ga ka ìrìn àjò yẹn mọ́ iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ka ìwé òkè òkun. Àwa akọ̀ròyìn náà, kí a tó gbé ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì jáde, kí a kà á padà fún ẹni tó sọ ọ́, kí a sì jáwọ́ nínú Ṣébà wíwá. Àti àwa ará ìlú: ẹni tó bá wá gba ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ fún un bó bá tọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi í lójú ẹsẹ̀ pé, "Ọjọ́ wo lẹ ń padà bọ̀ wá sọ fún wa?"

Mo wá bébà Ìyá Àgbà láìpẹ́ yìí nínú àpótí ìyá mi. Ó ti pọ́n, ó ti gé sí méjì níbi tó ti ń ká a. Mo lè kà á báyìí. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ, iṣan ara ló ń sọ, kò sí ọ̀rọ̀ ayé níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ orogún. Mo mú un, mo gbé e lọ bá orogún rẹ̀, tó ti darúgbó báyìí lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ṣàgámù. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un láti òkè dé ilẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Ìyẹn ni pé wọ́n ti mọ̀ látijọ́ọjọ́?"

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé wa, n kò rí èsì fún un. Ẹ bá mi dá ìyá náà lóhùn.